Sí Àǹtí Pẹ́kámù, tó fẹ́ kọ́lé sínú kíṣìnnì Ìjẹ̀gùn

Àǹtí mi àtàtà,

Màmá ní kí n kí yín dáadáa, pé ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, pé òun ni àwọn ń wọ̀ lọ ìsìn òru. Àbúrò mi ní òun náà kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà ló ń tọrọ lábẹ́ ìkíni náà.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀.

Ẹ fohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé chin-chin ti sú yín. Ẹ ní lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ní Lọ́ńdọ̀n, bí Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tìyátọmọ ló ń kóra jọ sí kíṣìnnì láti yan gingerbread, bisikíìtì tí wọ́n po atalẹ̀ àti oje ìrèké dúdú mọ́, tí wọ́n á wá fi kọ́ ilé kékeré tó ní ilẹ̀kùn, tó ní fèrèsé, tí wọ́n á da ṣúgà funfun sórí òrùlé rẹ̀ kí ó lè jọ pé yìnyín bọ́ lé e. Ẹ ní irú rẹ̀ la máa ṣe ní Ìjẹ̀gùn tí ẹ bá dé, pé ẹ tiẹ̀ ti ra gbogbo páànù àti ohun tí a ó fi gé e. Ẹ wá fi kún un pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kó lè bá wọn lójijì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta báyìí. Ohun tí gbogbo àdúgbò máa jẹ nínú rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló yẹ kó gbọ́ nípa rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Gbogbo ẹni tó bá ti òkè òkun wọ Èkó nínú oṣù Ọ̀pẹ, àwọn tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní IJGB (I Just Got Back), ló máa ń gbé nǹkan kan dání tó fẹ́ fi tún ayé wa ṣe. Ẹnìkan nínú mọ̀lẹ́bí gbé ẹ̀rọ kọfí wá rí. Ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ ni a fi bò ó, iná tó lè gbé e kò tíì dé àdúgbò yìí. Ẹlòmíì gbé àgọ́ wá, pé ká lọ sun ìta láti fojú rí ìràwọ̀. Ẹ̀fọn Ìjẹ̀gùn ló dá a lóhùn. Tiyín wá jẹ́ ilé. Àǹtí, ilé! Ní Alímọ̀ṣọ́! Ṣé ẹ ti gbàgbé ibi tí ẹ ti jáde ni?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Lápá ibí yìí, ẹnikẹ́ni kì í gbé ògiri dúró kí ọmọ onílẹ̀ má gbọ́. Lóòótọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ààbò dúkìá ní 2016, òfin tó ka fífi ipá gba ilẹ̀ àti gbígba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó sí ìkóríta kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ìwé òfin. Bí wọ́n bá fi lè gbọ́ pé ẹ̀ ń to ògiri nínú kíṣìnnì wa, owó ìpìlẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ fẹ́ yọ fèrèsé? Owó fèrèsé. Ẹ fẹ́ da ṣúgà sórí òrùlé? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí owó òrùlé. Bí ẹ bá wá bú sẹ́rìn-ín pé àkàrà òyìnbó lásán ni, wọn yóò ní kò burú, kí ẹ gé yàrá kan fún àwọn níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé tí kò ní ìwé àṣẹ náà ò ní pẹ́ yọjú. Ilé tí kò ní òpó, tí kò ní irin, tó jẹ́ pé funfun ẹyin àti ṣúgà lẹ fi lẹ ògiri rẹ̀ mọ́ra, ẹ sọ fún mi, ta ni yóò fọwọ́ sí irú plánù bẹ́ẹ̀?

Èyí tó tiẹ̀ tún já mi láyà ni ìtàn tó wà nídìí ilé náà. Mo lọ wádìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ni àlọ́ Hansel àti Gretel, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm ní ilẹ̀ Jámánì tẹ̀ jáde ní 1812. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àlọ́ náà? Wọ́n lọ já ọmọ méjì sílẹ̀ nínú igbó, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ṣàdédé rí ilé kan tí wọ́n fi búrẹ́dì kọ́, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ àkàrà òyìnbó, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ ṣúgà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú jẹ. Onílé jáde sí wọn: ìyá arúgbó kan ni, àjẹ́ sì ni, àwọn ọmọdé ló fi ilé náà dẹ. Àǹtí mi, ilé àjẹ́ lẹ fẹ́ wá kọ́ fún wa lọ́jọ́ ìbí Jésù. Ní Ìjẹ̀gùn tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ òkúta, orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò bọ́ sí! Bí Màmá bá fi lè gbọ́ àlọ́ yìí, kí ẹyin tó fọ́, òróró àdúrà ti jáde, àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà ti kún pálọ̀, ẹ̀yin gan-an sì ni wọn yóò kọ́kọ́ ní kí ẹ kúnlẹ̀.

Ẹ ní bí ilé bá le, a lè yan ènìyàn. Ìyẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n ní láàfin Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n a máa yan gingerbread ní àwòrán àwọn àlejò pàtàkì, kí àlejò lè bá ara rẹ̀ pàdé nínú àwo. Ó dùn mọ́ wọn lọ́hùn-ún. Ẹ wá ya àwòrán bàbá onílé wa níbí, ẹ fi ṣúgà ṣe irùngbọ̀n funfun wọn, ẹ fi fìlà dé e, kí ọmọ ọdún mẹ́fà wá gé orí wọn jẹ kàrùkàrù ní ìṣojú wọn lówùúrọ̀ ọjọ́ Kérésì. Ẹ ṣàlàyé, ẹ ṣàlàyé, etí wọn kò ní gbà á. Owó ilé ọdún tuntun ni wọn yóò fi fèsì.

Ká tiẹ̀ ní ọmọ onílẹ̀ gbà, àjẹ́ gbà, bàbá onílé náà gbà, afẹ́fẹ́ Èkó kò ní gbà. Ọyẹ́ tó ń mú ètè là lókè Ọya, tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀sà ti rẹ ẹ́ sómi. Ṣúgà àti oyin a sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ògiri tó le gbagidi ní Pẹ́kámù lálẹ́, tó bá jẹ́ Ìjẹ̀gùn ni, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, òrùlé yóò sì wó lé ẹni tó bá wà nínú rẹ̀. Èèrà ni yóò ṣe ìsìnkú. Ẹ tún ní kí ìyẹ̀fun pípò náà kọ́kọ́ sùn nínú fíríìjì mọ́jú, nítorí bí kò bá tutù, kò ní ṣeé gé. Fíríìjì wa dára, Àǹtí. Kọ́bọ́ọ̀dù ni a ń lò ó fún.

Ófúnù ńkọ́? Èyí tó wà lábẹ́ sitóòfù gáàsì, tí ẹ̀yin fúnra yín rà fún Màmá? Ó wà ńbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó agbada, asẹ́, páànù àkàrà àti ìdérí ìkòkò tí ìkòkò rẹ̀ ti sọnù sí. Ẹni tó bá ṣí i láìmúra, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbà á. Àwọn nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́, torí náà nígbà tí ìwé yín bá ní ká yan án ní 180 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwa á tàn án, a ó sì máa fi imú ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, àwàdà ni. Ohun tó ń dùn mí gan-an nípa ilé yín kò ju ẹyọ kan lọ: kì í rìn.

Ilé tí ẹ bá kọ́, orí tábìlì pálọ̀ ni yóò wà. A ó yà á ní fọ́tò, ẹ ó gbé e sórí Instagram, àlejò yóò dé, wọ́n á ní ó mà dára o, wọ́n á sì lọ sílé wọn lọ́wọ́ òfo. Chin-chin kò mọ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. Kí ó tó tutù tán ló ti ń wá ọ̀nà àtijáde.

Ó jọ pé ẹ ti gbàgbé bí alẹ́ ọjọ́ tí a ń dín chin-chin ṣe máa ń rí. Fìláwà ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ nítorí Màmá kò gbà pé owó ọjà lè dúró sójú kan títí Kérésì yóò fi dé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á tẹ́ ẹní sí ààrin pálọ̀, wọ́n á gbé báàfù ńlá kalẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń bu ṣúgà, àwọn ni wọ́n ń fọ́ ẹyin, wọn kì í wọn nǹkan kan. Wọ́n á rin nọ́tímẹ́gì sí i, wọ́n á da mílíìkì díẹ̀, wọ́n á ní ó tó. Ẹ bi wọ́n pé kọ́ọ̀bù mélòó ni, wọ́n á wò yín lójú bí ẹni tí kò ní ìyá. Àbúrò mi ló ń pò ó. Ó ti ń lọ gbé irin látìgbà tí ẹ ti rí i kẹ́yìn, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún tí apá yẹn wúlò fún ilé nìyẹn. Ìgò mọ́ọ̀tì òfìfo ni a fi ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ni gígé, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná.

Àǹtí, ẹ̀yin náà ti jókòó síbi gígé rí. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìròyìn ọdún ti ń jáde. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹni tó kọ ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ilẹ̀ tó rà ní Ìgàndó di ti ènìyàn mẹ́ta, àti orúkọ gbogbo àwọn tó kọnu ìfẹ́ sí yín kí ẹ tó lọ sí Lọ́ńdọ̀n. (Mo ṣì rántí orúkọ wọn. Ẹ má jẹ́ kí inú bí mi.) Àwọn ọmọdé la máa ń fún ní etí ìyẹ̀fun náà, ibi tí kò gún. Ohun tí wọ́n bá gé níbẹ̀, ọ̀kan á tóbi, ọ̀kan á tínrín, òmíràn á jọ àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, kò sẹ́ni tó ń bá wọn wí. Tútù ni ọ̀kan nínú wọn máa ń jẹ ẹ́, tí yóò sì ní inú ń run òun kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí òróró bá gbóná, Màmá á ju ẹyọ kan sí i láti fi dán an wò. Àkọ́dín kì í dé inú ike. Ẹnu ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, kò sì sí ọdún tí ẹnìkan kì í fi ahọ́n jóná.

Lẹ́yìn náà ni dídì í sínú ọ̀rá fún àwọn tí a ó pín in fún. Ìwé kankan kò sí lọ́wọ́ Màmá, orí wọn ni ìwé. Bàbá onílé. Nọ́ọ̀sì tó ń wo ìfúnpá wọn. Ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ tó máa ń dúró dè wọ́n tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ọjà Ìkọ̀tún. Fọkanáísà tó wà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò, tí a kò ní mọ́tò tí ì bá máa bá wa lẹ táyà rẹ̀, ṣùgbọ́n tó máa ń bá wa lé ewúrẹ́. Ìyàwó tí kò tíì pẹ́ nínú ilé ẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Alhaja ojúlé kejì, àwọn ló ṣòroó bù fún jù, nítorí pé nígbà Iléyá, ike ńlá ni wọ́n fi gbé ẹran wá, ike náà sì wà lọ́dọ̀ wa títí di báyìí. Ẹ mọ̀ pé kò gbọdọ̀ padà lófìfo. Ọdọọdún ni chin-chin ń kún ike yẹn padà, tí Iléyá mìíràn á tún kún un wá. Ó ti di pé n kò mọ ẹni tó ni ike náà gan-an mọ́.

Ẹ wá wí fún mi. Nígbà tí ẹ bá kọ́ ilé yín tán, ògiri wo lẹ fẹ́ yọ fún Alhaja? Fèrèsé ni ẹ ó fún nọ́ọ̀sì? Fọkanáísà ńkọ́, ẹ ó ní kí ó máa gba òrùlé?

Ẹ má rò pé mò ń lé nǹkan òyìnbó jáde o. Chin-chin fúnra rẹ̀, Ìjẹ̀gùn kọ́ ni ìyá rẹ̀. Àlìkámà kì í hù lẹ́yìnkùlé wa. Láti òkèèrè ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀, ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ ní Àpápá. Nígbà tí ìjọba Babangida fòfin de kíkó o wọlé ní 1987, tí òfin náà kò sì kúrò títí di 1992, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Màmá po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ìwọ̀nba fìláwà tí wọ́n rí, tí chin-chin ọdún náà sì le débi pé àlejò kan fi pamọ́ sápò kó má bàa tú eyín sọ́wọ́. Búrẹ́dì náà ńkọ́? Ará Jamáíkà kan, Amos Shackleford, ló dé Èkó ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tó di 1921, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń yan búrẹ́dì tà. Ọwọ́ àwọn tó kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì Agége tí ẹ fi ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn ti wá. Jamáíkà nìyẹn, ilẹ̀ tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ atalẹ̀ ṣeré. Síbẹ̀, búrẹ́dì tó ṣeé bù fún ẹlòmíì ló kọ́ wa. Kò kọ́ wa ní ilé. Àwọn tó ṣe Kérésì ní Àgbádárìgì ní 1842, Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Townsend ti CMS, èmi ò kà á níbì kankan pé wọ́n gbé gingerbread dání, ẹ̀sìn sì gbilẹ̀.

Èyí tó wá bí mi nínú díẹ̀ ni ti atalẹ̀. Ẹ ní ẹ ó gbé atalẹ̀ lílọ̀ bọ̀ nínú ìgò kékeré láti Pẹ́kámù. Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń bú wa ni? Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbin atalẹ̀ jù lọ láyé. Ní gúúsù Kàdúná, ní Kachia, ní Kwoi, ní Kafanchan, láti 1927 ni wọ́n ti ń gbìn ín fún títà: Tafin Giwa tó sanra, Yatsun Biri tó tínrín bí ìka. Wọ́n á là á, wọ́n á sá a sóòrùn kó gbẹ, wọ́n á dì í sínú àpò, ọkọ̀ ojú omi á gbé e gba òkè òkun lọ. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó wà nínú ìgò yín yẹn jẹ́ ọmọ Kachia tó rí físà gbà, tó wá ń padà bọ̀ wálé nínú oṣù Ọ̀pẹ pẹ̀lú ohùn imú, tí òun náà di IJGB. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 2023, àrùn kan tó ń rà á mọ́lẹ̀ wọ oko àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, ó ba ọ̀pọ̀ jẹ́, owó rẹ̀ sì fò sókè débi pé Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ka atalẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ bí ẹni ka owó. Ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, tó tún padà gbìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ ká ti ra ọjà. Àwọn mállàm tó ń tà á ní Ìkọ̀tún á bá wa lọ̀ ọ́ lójú wa, pẹ̀lú kànáfùrù, òórùn rẹ̀ á sì ti ṣáájú wa délé.

Ẹ rí i? Mo ti ń yan án lọ́kàn. Ẹ̀yin lẹ kó bá mi.

Nítorí pé nígbà tí mo ń wádìí rẹ̀ láti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo rí i pé nǹkan náà kò jìnnà sí wa tó bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ní Nuremberg ní Jámánì, àwọn tó ń yan irú rẹ̀ ti ní ẹgbẹ́ tiwọn láti 1643. Oyin ni wọ́n fi ń mú un dùn, àwọn ará Jámánì àtijọ́ a sì máa lo ohun tí wọ́n ń sẹ́ jáde lára eérú igi láti fi mú irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ wú. Ìbátan kán-ún tí Màmá ń jù sínú ẹ̀wà ni. Mo sọ ọ́ fún wọn lásán, n kò dárúkọ yín. Wọ́n ní àwọn tó fi kán-ún sínú àkàrà òyìnbó kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Ti ófúnù náà kò ní dí wa lọ́wọ́. Kí sitóòfù gáàsì tó wọ ilé yìí, ṣebí yanrìn ni Màmá fi ń yan àkàrà òyìnbó: yanrìn gbígbẹ nísàlẹ̀ ìkòkò ńlá, páànù lórí rẹ̀, ìdérí, èédú tó ń jó lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n ní àkàrà òyìnbó tí wọ́n ṣe fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n yín, inú ìkòkò yanrìn ló ti jáde, ẹnikẹ́ni kò sì rí yanrìn kan jẹ nínú rẹ̀. Bisikíìtì tó tínrín á tètè jinná nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ kò kàn gbọdọ̀ máa wo fóònù.

Torí náà, ohun tí mo ti bá ilé sọ nìyí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Chin-chin kò kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ti ń fojú sọ́nà láti oṣù Ògún, ta ni yóò lọ sọ fún wọn? Ṣùgbọ́n kí a tó gbé agbada kaná lálẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún, a ó fún yín ní wákàtí yín. Ẹ ó po atalẹ̀ yín, oyin Òkè-Ògùn ni a ó fi rọ́pò oje ìrèké dúdú. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbé agolo treacle kan bọ̀, kò burú, inú ẹrù kílò mẹ́tàlélógún yín ni kó wà, kì í ṣe ní àyè bàtà àbúrò mi. Ẹ ó tẹ́ ẹ, ẹ ó gé e. Kò sí ilé, kò sí ènìyàn. Dánfó ni ẹ ó gé. Bí ohun ìgé yín kò bá ní dánfó, ọ̀bẹ wà. Ẹ gé e kékeré, ẹ gé e púpọ̀, kí ẹ fi ṣúgà fa ìlà dúdú méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọdé kọ "Ìkọ̀tún" sí i bó bá ṣe wù wọ́n. Ẹyọ dánfó kan yóò wà lórí chin-chin nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì á rí tirẹ̀, fọkanáísà á rí mọ́tò kan tó lè sọ pé òun tún ṣe.

Ẹ ó jókòó síbi gígé, ẹ ó sì fẹnu ara yín sọ bí ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú ọkùnrin tó ń bá yín lọ sọ́jà Rye Lane ṣe jẹ́. Ẹ má díbọ́n. A rí fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló kù. Sìlíńdà wa jẹ́ kílò 12.5, òun náà ló máa se ìrẹsì Kérésì, òun ló máa dín adìẹ. Ìkòkò yanrìn ní tirẹ̀, èédú ni yóò jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé ófúnù lẹ fẹ́ lò, tí gáàsì bá wá tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀yin lẹ ó gun kẹ̀kẹ́ lọ rọ ọ́, ẹ ó gbé e sórí itan, ẹ ó sì fi ohùn Lọ́ńdọ̀n yẹn dúnàá dúrà. Èmi á tẹ̀lé yín lẹ́yìn láti fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀.

Ó dìgbà tí ẹ bá dé.

Ọmọ yín,
Ìjẹ̀gùn, ìparí oṣù Bélú.

Àfikún: Alhaja ti ka lẹ́tà yìí kí n tó gbé e jáde. Wọ́n ní àwọn ò mọ gingerbread, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ atalẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi púpọ̀ sí tàwọn, nítorí ikọ́. Wọ́n tún ní kí n bá àwọn bèèrè ìdérí ike náà.